Katakata kékeré tó ní Kohler K301: ká tún un ṣe ni, àbí ká gbé ẹ́ńjìnnì Ṣáínà sí i?

Àgbẹ̀ Òkè-Baálẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀gá mi nínú iṣẹ́ yìí, ẹ kú iṣẹ́ o.

Katakata kékeré kan wà nílẹ̀ lẹ́yìnkùlé l'Òṣogbo níbí, Wheel Horse, irú èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi ń gé koríko ọgbà tí wọ́n sì fi ń fa tírélà kékeré. Tòkunbọ̀ ni, ó sì ti pẹ́ tó ti ń gba òjò àti oòrùn. Kohler K301S ni wọ́n kọ sára ẹ́ńjìnnì ẹ̀: sìlíńdà kan, agbára ẹṣin 12, bẹntiróòlù ló ń mu.

Bó ṣe wà rèé. Tí mo bá fọwọ́ yí fìláwíìlì, ó ń yí, kò há, àmọ́ kò fi bẹ́ẹ̀ le lọ́wọ́. Mẹkáníìkì fi géèjì wọn kọ́ńpíréṣọ̀n ẹ̀ (agbára tí pístọ́nù fi ń fún atẹ́gùn pọ̀), abẹ́rẹ́ géèjì kò gòkè tó nǹkan, ó ní ríǹgì pístọ́nù ti jẹ tán. Iná kì í jáde lẹ́nu pọ́lọ́ọ̀gì. Ọ́ìlì ga kọjá àmì F lára dípísítíìkì, kò ki mọ́ rárá, ó sì ń rùn bí epo ọkọ̀. Irin ni táǹkì ẹ̀, inú ẹ̀ ti dógùn-ún, epo tó ṣẹ́kù síbẹ̀ ti di gọ́ọ̀mù. Béárínì táyà iwájú méjèèjì ti fọ́. Họ́ọ̀bù táyà ẹ̀yìn lápá òsì kọ̀, kò jáde, etí ẹ̀ kan sì ti sán.

Mẹkáníìkì ní kí n yọ ẹ́ńjìnnì yẹn dànù kí n gbé ẹ́ńjìnnì Ṣáínà ẹṣin 13 sí i, irú èyí tí wọ́n fi ń lọ ata. Ṣé lóòótọ́ ni K301 yìí ti kú? Bí kò bá tíì kú, níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, àwọn nǹkan wo ni mo sì lè rí rà nítòsí?

Ọ̀gá Tọ́ọ̀pù Sìlíńdà

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ má tíì yọ ẹ́ńjìnnì yẹn o. Nínú gbogbo ohun tẹ́ ẹ kà sílẹ̀, kò sí ọ̀kan tó fi hàn pé ó ti kú.

Orí kọ́ńpíréṣọ̀n yẹn ni wọ́n ti sábà máa ń ṣi K301 dá lẹ́jọ́. Kohler ṣe nǹkan kékeré kan sára káàmù ẹ̀, ìyẹn ọ̀pá tó ń ṣí fáàfù, tó ń gbé fáàfù ẹ̀sọ́ọ̀sì sókè díẹ̀ nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń yí jẹ́ẹ́jẹ́, kí sítátà má baà jìyà. Ó di ìgbà tí eré ẹ̀ bá tó nǹkan bíi yíyí 650 níṣẹ́jú kan kí nǹkan náà tó yọwọ́. Nítorí náà, bí sítátà bá ń yí i tẹ́ ẹ sì fi géèjì wọ̀n ọ́n, apá kan atẹ́gùn ti gba ẹnu fáàfù jáde lọ kó tó dé géèjì. Ẹ́ńjìnnì tí ríǹgì ẹ̀ jẹ́ tuntun pàápàá á fi kọ́ńpíréṣọ̀n kékeré hàn.

Ẹ fọwọ́ yí fìláwíìlì sẹ́yìn, òdì sí bó ṣe máa ń yí, kẹ́ ẹ fi agbára díẹ̀ sí i. Tó bá ń yí lọ́nà yẹn, fáàfù ẹ̀sọ́ọ̀sì kì í gbéra lásìkò tí atẹ́gùn ń ṣù jọ. Bó bá ta ọwọ́ yín padà gidigidi, ríǹgì àti fáàfù ṣì dára. Èyí kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Tẹ́ ẹ bá wá fẹ́ mọ ibi tó ti ń jò gan-an, ẹ fọ́ tánganran inú pọ́lọ́ọ̀gì àtijọ́ kan kúrò, kí wẹ́dà fi bíràsì lẹ ẹnu fáàfù táyà mọ́ irin tó kù. Ẹ gbé pístọ́nù dé òkè pátápátá nígbà tí fáàfù méjèèjì bá dé. Kí ẹnì kan fi sípánà gígùn di kíráńkì (ọ̀pá ńlá tí pístọ́nù ń yí) mú ṣinṣin, torí atẹ́gùn lè ta á yí lójijì, kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni má sì sí nítòsí fìláwíìlì. Ẹ wá lo kọ́ńpírẹ́ṣọ̀ fọganáísà. 30 psi ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ tẹ́tí sílẹ̀. Bí atẹ́gùn bá ń fẹ́ jáde ní sáìléńsà, fáàfù ẹ̀sọ́ọ̀sì ni. Bó bá jẹ́ ẹnu kábúrétọ̀, fáàfù tó ń gba epo wọlé ni. Bó bá jẹ́ ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, ríǹgì ni. Ẹ fi omi ọṣẹ pa ẹ̀gbẹ́ tọ́ọ̀pù sìlíńdà: ibi tó bá ń hó níbẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì ti jóná.

Ọ́ìlì yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Epo ti wọ inú ẹ̀, ọ̀nà méjì ló sì lè gbà wọ̀ ọ́: yálà awọ inú pọ́ǹpù epo ti ya, tàbí abẹ́rẹ́ kábúrétọ̀ kò dé mọ́, tí epo ń ti inú táǹkì ṣàn wọ sìlíńdà nígbà tí ẹ̀rọ bá dúró. Ẹ má ṣe tan ẹ́ńjìnnì náà pẹ̀lú ọ́ìlì yẹn, ì báà ṣe ìṣẹ́jú kan. K301 kò ní pọ́ǹpù ọ́ìlì. Ìka kékeré kan nídìí kọ́ńrọ́ọ̀dù (irin tó so pístọ́nù mọ́ kíráńkì) ló ń bu ọ́ìlì fọ́n káàkiri, bẹ́ẹ̀ sì ni álúmínọ́ọ̀mù ni kọ́ńrọ́ọ̀dù náà, ara kíráńkì gan-an ló ti ń yí, kò sí béárínì kankan láàárín. Bí ọ́ìlì bá ti dà pọ̀ mọ́ epo, álúmínọ́ọ̀mù á lẹ̀ mọ́ kíráńkì, kọ́ńrọ́ọ̀dù á kán, á sì dá ihò sí búlọ́ọ̀kù lára. Ìgbà yẹn ló máa kú lóòótọ́.

Ẹ tú u dànù, kẹ́ ẹ da SAE 30 sí i, nǹkan bíi lítà 1.9, títí dé F, kó má kọjá bẹ́ẹ̀. Ẹ yọ pọ́lọ́ọ̀gì, ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sínú sìlíńdà, kẹ́ ẹ fọwọ́ yí i. Tó bá ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, lẹ́yìn nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ tún ọ́ìlì náà pààrọ̀ nígbà tó ṣì gbóná.

Rìwáyà Ògo-Olúwa

Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n sọ ti iná.

Ohun tó dára nínú K301 ni pé kọ́ńtáàtì rẹ̀ (irin kékeré tó ń ṣí tó sì ń dé kí iná lè jáde) kò sí lábẹ́ fìláwíìlì. Ẹ̀gbẹ́ búlọ́ọ̀kù ló wà, lábẹ́ ìdérí kékeré kan, ọ̀pá tín-ínrín kan ló ń ti inú káàmù wá tì í ṣí. Ẹ ò nílò láti yọ fìláwíìlì rárá.

Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan kọ́ńtáàtì, ẹ fa wáyà kan tààrà láti orí pọ́sítíìfù bátìrì lọ sí ẹnu + kọ́ìlì (ohun tó ń sọ iná bátìrì di iná pọ́lọ́ọ̀gì), kẹ́ ẹ wá yí ẹ́ńjìnnì. Bí iná bá jáde, kọ́ìlì ò lẹ́bi, síwíìṣì ló jẹ̀bi. Síwíìṣì kọ́kọ́rọ́, ti ìjókòó, ti kílọ́ọ̀ṣì àti ti bíléèdì tó ń gé koríko ló máa ń wà lójú ọ̀nà iná yẹn, gbogbo wọn ló sì máa ń dógùn-ún nínú. Ẹ wá èyí tó bàjẹ́ nínú wọn kẹ́ ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Ẹ má fi wáyà so wọ́n pọ̀ kẹ́ ẹ sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí ti ìjókòó ló ń pa ẹ́ńjìnnì bí ẹni tó wà lórí ẹ̀ bá já bọ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bíléèdì á máa yí lọ.

Bí iná ò bá jáde síbẹ̀, ẹ ṣí kọ́ńtáàtì. Ẹ fi sáńdìpépà 400 ra ojú ẹ̀ fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́, ẹ ki bébà mímọ́ tẹ́ ẹ fi bẹntiróòlù díẹ̀ rin sí àárín ẹ̀ kẹ́ ẹ fà á jáde títí kò fi ní mú ìdọ̀tí mọ́. Ọ̀rá ọwọ́ lásán ti tó láti dá iná dúró níbẹ̀. Nígbà tó bá ṣí dé òpin, àyè tó wà láàárín ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 0.020 ínṣì, ìyẹn 0.5 mm. Ẹ tún wo ọ̀pá tín-ínrín yẹn: bó bá há sínú ihò ẹ̀, kọ́ńtáàtì ò ní ṣí láéláé.

Táímìn náà rọrùn. Lára fìláwíìlì, àmì T (ibi tí pístọ́nù ti dé òkè pátápátá) àti S (ibi tó yẹ kí iná ti jáde) wà níbẹ̀, ẹ máa rí i láti ihò kékeré kan. S máa ń kọ́kọ́ kọjá, dígírì 20 ló fi ṣáájú T. Ẹ so gílóòbù 12 V kékeré mọ́ ẹnu − kọ́ìlì, kẹ́ ẹ so ẹsẹ̀ kejì mọ́ bọ́dì, ẹ ṣí síwíìṣì. Gílóòbù á tàn nígbà tí kọ́ńtáàtì bá ṣí. Ẹ sún kọ́ńtáàtì títí tí gílóòbù á fi tàn gẹ́lẹ́ bí S ṣe dé àárín ihò kékeré yẹn. Bí àyè kọ́ńtáàtì bá wá yàtọ̀ díẹ̀ sí 0.5 mm nígbà yẹn, ẹ fi í sílẹ̀, àmì S ló ṣe pàtàkì jù.

Ní ti rírà: kọ́ìlì Volkswagen Ìjàpá 12 V á ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ fi mítà wọn ẹsẹ̀ + àti − ẹ̀. Ohm 3 sí 4 lẹ fẹ́. Bó bá jẹ́ 1.5, irú èyí tó nílò rẹsísítọ̀ lọ́tọ̀ ni, á jó kọ́ńtáàtì yín láìpẹ́. Kọ́ńdẹ́ńsà Ìjàpá náà bá a mu, kẹ́ ẹ ṣáà rí i pé wọ́n so ó mọ́ bọ́dì dáadáa. Pọ́lọ́ọ̀gì ẹ̀ ni Champion H10C, àyè ẹnu ẹ̀ 0.035 ínṣì. Ẹ ṣọ́ra fún pọ́lọ́ọ̀gì ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ ẹ̀ gùn tó 19 mm: á wọ ojú ihò yẹn, ṣùgbọ́n á yọrí sínú ibi tí pístọ́nù àti fáàfù ti ń ṣiṣẹ́. Ẹsẹ̀ kúkurú, nǹkan bíi 11 mm, ni tiyín.

Àgbẹ̀ Òkè-Baálẹ̀

Ẹ ṣeun gan-an ni. Nígbà tí a fún un ní atẹ́gùn, sáìléńsà ló ti ń fẹ́ jáde, ó le gan-an. Ẹnu ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí, ìwọ̀nba díẹ̀ ni. Iná ti jáde o, síwíìṣì ìjókòó ló bàjẹ́, kọ́ńtáàtì sì ti dọ̀tí. Kí ni kí n ṣe sí fáàfù yìí?

Ọ̀gá Tọ́ọ̀pù Sìlíńdà

Ìròyìn ayọ̀ nìyẹn, ẹ̀gbọ́n. Ríǹgì yín ṣì dára. Ìwọ̀nba tó ń gba ọ̀dọ̀ ọ́ìlì jáde kò burú, gbogbo ẹ́ńjìnnì ló ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ tú tọ́ọ̀pù sìlíńdà. Búlọ́ọ̀kù ni fáàfù wà, kì í ṣe inú tọ́ọ̀pù, nítorí náà iṣẹ́ kékeré ni. Ẹ fi igi ha kábọ́ọ̀nù orí pístọ́nù àti abẹ́ tọ́ọ̀pù, ẹ má lo irin. Kẹ́ ẹ tó yọ fáàfù, ẹ wọn àyè ìdí ẹ̀ ná: bí kò bá sí àyè rárá ní ti ẹ̀sọ́ọ̀sì, ohun tó ń jẹ́ kó jò nìyẹn, torí irin ẹ̀ ń gùn sí i bó bá gbóná, kò sì ní lè dé.

Tẹ́ ẹ bá ti yọ ọ́, ẹ wo ẹnu ẹ̀. Bó bá ti jóná títí tí etí ẹ̀ fi bù, tuntun lẹ máa rà. Bó bá jẹ́ ìpẹtà àti kábọ́ọ̀nù lásán, ẹ fi páàsì gíráíńdìn lọ̀ ọ́ mọ́ ojú ìjókòó ẹ̀, èyí tó ṣe ṣákáṣáká ṣáájú, èyí tó kúnná lẹ́yìn náà, kẹ́ ẹ máa gbé e sókè kẹ́ ẹ sì máa yí i sípò mìíràn lóòrèkóòrè. Òrùka kan tó dúdú díẹ̀, tí kò já níbì kankan, lẹ ń wá. Ẹ nu páàsì yẹn kúrò pátápátá, torí bí ìwọ̀nba kékeré bá bọ́ sínú sìlíńdà, á jẹ ríǹgì. Láti dán an wò, ẹ da kẹrosíìnì sínú ọ̀nà ẹ̀sọ́ọ̀sì nígbà tí fáàfù bá dé. Kò gbọdọ̀ jò bọ́ sínú sìlíńdà.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń dá a padà, àyè ìdí fáàfù nígbà tó tutù: ti epo 0.008 sí 0.010 ínṣì, ti ẹ̀sọ́ọ̀sì 0.017 sí 0.020. Nọ́ọ̀tì wà nídìí ẹ̀ tí wọ́n fi ń tún un ṣe. Ẹ̀sọ́ọ̀sì gbọ́dọ̀ fẹ̀ ju ti epo lọ, ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ fún yín pé kí méjèèjì dọ́gba.

Ẹ tẹ́ sáńdìpépà 220 sórí gíláàsì tó nípọn, kẹ́ ẹ fi tọ́ọ̀pù sìlíńdà ra á káàkiri títí gbogbo ojú ẹ̀ á fi mọ́ bákan náà. Ibi tó bá ṣì dúdú, ibẹ̀ ti wọ́. Gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun lẹ lò, àtijọ́ kò ṣeé tún lò. Ẹ fún bóòtù láti àárín lọ sí etí, ní àgbékọjá, lẹ́ẹ̀mẹ́ta: 10, 20, kó tó di 30 ft-lb. Sípánà tó ń ka agbára ni kẹ́ ẹ lò. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n ń fi ọwọ́ mọ̀ ọ́n, tó sì ń fà bóòtù já nínú búlọ́ọ̀kù.

Ẹ̀rọ Ọgbà

Ẹ kú iṣẹ́ o, gbogbo yín. Wọn ò tíì sọ ti táǹkì àti kábúrétọ̀, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń sọ iṣẹ́ dáadáa tí wọ́n ti ṣe nù.

Táǹkì: ẹ yọ ọ́ kúrò lára katakata, ẹ da gọ́ọ̀mù yẹn nù, ẹ fi epo mímọ́ ṣàn án. Ẹ wá ra ásíìdì tí wọ́n ń fi sí dírínkì, ìyẹfun funfun tó kan, tí ń jẹ́ sítíríìkì. Gíráàmù 50 sí 100 nínú lítà omi gbígbóná kan. Ẹ kún táǹkì, ẹ ju nọ́ọ̀tì mélòó kan sínú ẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ mọ́jú kẹ́ ẹ máa jì í lóòrèkóòrè. Tẹ́ ẹ bá dà á nù, ẹ fi omi tẹ́ ẹ po sódà bíkábọ́nétì sí ṣàn án, lẹ́yìn náà omi lásán. Lójú ẹsẹ̀ ni kẹ́ ẹ gbẹ ẹ́ pẹ̀lú afẹ́fẹ́ gbígbóná, kẹ́ ẹ sì da ọ́ìlì díẹ̀ yí i ká nínú, torí irin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀ ń dógùn-ún kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ má gbà kí wẹ́dà fi iná kan táǹkì yẹn, bí kò tilẹ̀ sí epo nínú ẹ̀ lójú yín. Oorun epo tó kù níbẹ̀ ti tó láti bú gbàmù.

Ohun kan tó kan àwa ará Òṣogbo nìyí. Àwọn tó ń ta sódà fún àwọn aláró pọ̀ nílùú yìí, ọ̀pọ̀ sì gbà pé sódà náà lè fọ ohunkóhun. Sódà kọ́sítíìkì tí wọ́n fi ń pa aró ń jẹ álúmínọ́ọ̀mù. Bí kábúrétọ̀, tọ́ọ̀pù sìlíńdà tàbí kọ́ńrọ́ọ̀dù bá wọ inú ẹ̀, ìyẹn bàjẹ́ nìyẹn. Irin dúdú nìkan ló lè fara dà á.

Kábúrétọ̀: ẹ tú u pátápátá. Wáyà bàbà kan ṣoṣo tẹ́ ẹ fà yọ nínú wáyà iná ni kẹ́ ẹ fi gún àwọn ihò kéékèèké, kì í ṣe abẹ́rẹ́ ìránṣọ, torí abẹ́rẹ́ ń fẹ ihò náà. Ẹ gbọn fúlóòtù, ìyẹn ohun tó ń léfòó lórí epo nínú ẹ̀. Bí epo bá ń dún nínú ẹ̀, ó ti lu. Ẹ tì í bọ inú omi gbígbóná, ibi tí ó bá ti ń hó ni ihò wà. Ẹ dorí kábúrétọ̀ kodò, kẹ́ ẹ wọn àyè láàárín ojú irin àti etí fúlóòtù tó jìnnà sí ibi tó kọ́ sí: 11/64 ínṣì, ìyẹn nǹkan bíi 4.4 mm. Ẹ pààrọ̀ abẹ́rẹ́ ẹnu epo, ẹ sì wo awọ pọ́ǹpù epo. Ọ̀kan nínú méjèèjì ló da epo sínú ọ́ìlì yín.

Fún ìbẹ̀rẹ̀, ẹ yí súkúrúù òkè àti ti ẹ̀gbẹ́ wọlé títí wọ́n á fi kan ìsàlẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ má fún wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹnu wọn á dá gọ́tà. Ẹ wá yí ti òkè jáde yíyí 2, ti ẹ̀gbẹ́ yíyí 1 àbọ̀. Ibi tẹ́ ẹ ti máa bẹ̀rẹ̀ lásán nìyẹn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná tó sì ń sáré, ẹ yí ti òkè wọlé títí tó fi máa rẹ̀ ẹ́, ẹ sàmì síbẹ̀. Ẹ yí i jáde títí tí èéfín dúdú á fi jáde, ẹ sàmì síbẹ̀. Ẹ fi í sí àárín, kó sún díẹ̀ sí ọ̀dọ̀ èéfín. Bí epo bá kéré jù, fáàfù ẹ̀sọ́ọ̀sì tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe á tún jóná.

Ẹlẹ́rọ Ojú Ọ̀nà Ìkìrun

Mo gbà pẹ̀lú yín lórí ti ẹ̀gbọ́n yìí, torí ríǹgì ẹ̀ ṣì dára. Àmọ́ kí ẹni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí tí tiẹ̀ ti kán kọ́ńrọ́ọ̀dù má rò pé ẹ̀ṣẹ̀ ni láti gbé ẹ́ńjìnnì Ṣáínà sí i. Bí búlọ́ọ̀kù bá ti lu, kò sí ohun mìíràn tó kù.

Ohun tí wọ́n ń ṣe tí kò dára ni bí wọ́n ṣe ń gbé e sí i. Àwọn ẹṣin 13 wọ̀nyẹn, èyí tó pọ̀ jù nínú ọjà wa, ṣáàfù wọn jẹ́ 25 mm, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ 7 mm. Púlì tó bá ti Amẹ́ríkà wá fún ṣáàfù ínṣì kan jẹ́ 25.4 mm, kọ́kọ́rọ́ ẹ̀ 6.35. Tẹ́ ẹ bá fi púlì ínṣì sórí ṣáàfù 25 mm, á máa mì, kọ́kọ́rọ́ á gé, púlì á sì jẹ ṣáàfù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gé púlì tuntun lórí léètì fún ìwọ̀n ṣáàfù gan-an. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ìlọta kò sì ní ohun tó ń gba iná sí bátìrì, nítorí náà kò ní sí sítátà bẹ́ẹ̀ ni kò ní sí iná iwájú. Nígbà tẹ́ ẹ bá sì ti gbé e sórí férémù, ẹ fa okùn láti ojú púlì ẹ́ńjìnnì dé ojú púlì gíà. Bí wọn ò bá tò lọ́nà kan ṣoṣo, bẹ́lítì á máa já.

Bàbá Léètì, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Ọmọ mi, ẹ jẹ́ ká dé ìdí táyà.

Ásíìlì iwájú irú ẹ̀rọ yẹn sábà máa ń jẹ́ ínṣì mẹ́ta nínú mẹ́rin, 19.05 mm. Béárínì tí wọ́n máa kọ́kọ́ nà sí ọ ní ọjà ni 6203 tàbí 6204. Inú 6203 jẹ́ 17 mm, kò ní wọ̀. Inú 6204 jẹ́ 20 mm, á fẹ̀ jù pẹ̀lú nǹkan bíi mílímítà kan, á máa yí lórí ásíìlì títí á fi jẹ ẹ́. Má ṣe gbà kí wọ́n gé ásíìlì kí 6203 lè wọ̀ ọ́. R12 ni nọ́ńbà tó bá ìwọ̀n inú ẹ̀ mu, ẹ̀yìn ẹ̀ jẹ́ 41.3 mm, wọn inú táyà kó o tó rà á, kó o sì béèrè ní Gáètì, ọjà ẹ̀yà ara ọkọ̀ n'Ìbàdàn, bí kò bá sí níbí. Bí kò bá sí, gbé ásíìlì àti táyà lọ síbi tí wọ́n ti ń fi léètì gé irin, kí wọ́n gé búùṣì bíróńsì fún un, kó fẹ̀ ju ásíìlì lọ pẹ̀lú 0.05 sí 0.08 mm, kí wọ́n fá ojú ọ̀nà gíríìsì sínú ẹ̀, kí wọ́n sì fi ẹnu gíríìsì sí i lára. Lórí katakata tí kì í sáré, búùṣì bẹ́ẹ̀ ń pẹ́. Ìlú tí iléeṣẹ́ Nigeria Machine Tools wà kò ṣàìní ẹni tó mọ léètì lò.

Họ́ọ̀bù: wo ara ẹ̀ dáadáa, súkúrúù kékeré tó di ṣáàfù mú lè ju ọ̀kan lọ, ọ̀kan sì lè wà lórí ìkejì nínú ihò kan náà. Yọ gbogbo wọn. Fi bóòtù so irin nínípọn kan mọ́ ihò bóòtù táyà, kí bóòtù ńlá kan ní àárín ẹ̀ máa ti ẹnu ásíìlì. Fún un, fi iná gáàsì gbóná họ́ọ̀bù, kì í ṣe ásíìlì, fi òòlù kan orí bóòtù àárín yẹn, kó o sì fi sílẹ̀ mọ́jú bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú ọ́ìlì lójú ẹ̀. Má lu họ́ọ̀bù láti ẹ̀yìn. Irin tí wọ́n dà ni, á fọ́, ìgbámọ́lẹ̀ òòlù náà á sì dé béárínì inú gíà.

Etí tó sán: rọ́ọ̀dù wẹ́dà lásán á lẹ̀ ẹ́, á sì tún sán lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tó lẹ̀ ẹ́. Kí wẹ́dà gbẹ́ ojú ibẹ̀ dé ìsàlẹ̀, kó gbóná gbogbo họ́ọ̀bù, kó lo rọ́ọ̀dù níkẹ́ẹ̀lì, kó máa ṣe é díẹ̀díẹ̀, kó máa fi òòlù kékeré kàn án bó ṣe ń lọ, kó sì rì í mọ́ inú eérú gbígbóná láti tutù fúnra ẹ̀. Bíràsì náà dára níbẹ̀. Yọ họ́ọ̀bù náà kúrò kó tó jó o. Ohun tó bá sì di dandan láti jó lára katakata fúnra ẹ̀, tú bátìrì kó o sì tú wáyà tó so mọ́ rẹ́gúlétọ̀ tó ń gba iná fún bátìrì. Iná wẹ́dà ń jó o.

Bó o bá ń ra bẹ́lítì: nọ́ńbà 4L tí àwọn ará Amẹ́ríkà ń lò, ẹ̀yìn bẹ́lítì ni wọ́n ń wọ̀n. Nọ́ńbà A tó wà lọ́jà wa, inú ẹ̀ ni wọ́n ń wọ̀n, ìyàtọ̀ sì jẹ́ nǹkan bí ínṣì méjì. 4L480, tó jẹ́ ínṣì 48 lẹ́yìn, A46 ló máa bá a mu. Fún ti kílọ́ọ̀ṣì, má ra èyíkéyìí tó bá wà; bẹ́lítì tí aṣọ ò bò lẹ́gbẹ̀ẹ́ máa ń gbá púlì mú kó o tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí kílọ́ọ̀ṣì tán. Béèrè èyí tí aṣọ bò yíká.

Àgbẹ̀ Òkè-Baálẹ̀

Ẹ kú àdúrótì o, Bàbá, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ó ti tàn! Àmọ́ bó bá ń sáré láìsí ẹrù, eré ẹ̀ ń gòkè, ó ń sọ̀kalẹ̀, kò dúró sójú kan. Mẹkáníìkì fẹ́ fa sípíríìn gọ́fánọ̀ (ohun tó ń dá eré ẹ́ńjìnnì dúró sójú kan) le.

Ọ̀gá Tọ́ọ̀pù Sìlíńdà

Ẹ má jẹ́ kó fà á le, ẹ̀gbọ́n. 3600 níṣẹ́jú kan ni òpin eré ẹ̀ láìsí ẹrù, bó bá kọjá bẹ́ẹ̀, kọ́ńrọ́ọ̀dù álúmínọ́ọ̀mù yẹn ló máa kọ́kọ́ kán.

Ẹ kọ́kọ́ yí súkúrúù kábúrétọ̀ òkè jáde díẹ̀, ìdá kan nínú mẹ́jọ yíyí lẹ́ẹ̀kan. Bí eré náà bá dúró, epo ló kéré. Ẹ fọ́n omi ọṣẹ sí ìdí kábúrétọ̀ níbi tó ti so mọ́ búlọ́ọ̀kù. Bí eré ẹ̀ bá yí padà, gásíkẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ ń fa atẹ́gùn.

Bó bá ṣì ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ pa á, ẹ tún apá gọ́fánọ̀ tò. Ẹ tú nọ́ọ̀tì tó fún apá mọ́ ọ̀pá tó yọ lára búlọ́ọ̀kù. Ẹ fa apá náà jìnnà sí kábúrétọ̀ dé òpin. Ẹ fi páláyà di orí ọ̀pá mú, ẹ yí i sí òsì, òdì sí bí ọwọ́ agogo ṣe ń lọ, títí tí kò fi lè yí mọ́. Ẹ fún nọ́ọ̀tì báyẹn láìjẹ́ kí méjèèjì sún. Ẹ wá tì í síwá-sẹ́yìn, kò gbọdọ̀ há níbì kankan. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi tákọ́mítà wọn eré ẹ̀, kẹ́ ẹ sì dá súkúrúù òpin eré dúró ní 3600 tàbí díẹ̀ sí ìsàlẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó gbé e lọ sínú koríko, ẹ dá páálí irin tó bo fìláwíìlì àti sìlíńdà padà pátá, kẹ́ ẹ sì fọ àárín àwọn ìlà lára sìlíńdà. Afẹ́fẹ́ fìláwíìlì ló ń tu ẹ́ńjìnnì yìí nínú. Láìsí páálí yẹn, kò ní gba ibi tó yẹ kó gbà, nígbà ọyẹ́ sì ni eruku àti koríko gbígbẹ máa ń dí ibẹ̀ kíákíá.